Bí POS ṣe kún òpópónà kan ní Ìbàdàn

Òpópónà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oríta tí báńkì kan wà, ó sì parí sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ní ọdún 2019, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe POS níbẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ báńkì bá àwọn èèyàn gba owó láti inú àkáǹtì wọn. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá. Àwọn kan wà lábẹ́ agboòrùn, àwọn kan wà nínú ìsọ̀ onípákó, àwọn mìíràn kàn gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀. Méjì nínú wọn dojú kọ ara wọn débi pé bí oníbàárà bá dúró láàárín títì, àwọn méjèèjì á jọ máa pè é.

Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó jèrè níbẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn mọ́kànlá náà já sí. Mi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí aládùúgbò mi ni wọ́n. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, pé àwa Nàìjíríà kò mọ̀ ju ká rí ohun tí ẹnìkejì ń ṣe ká sì sáré ṣe irú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹni tó bá sọ ọ́ kò tíì béèrè ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ náà kiri, tó ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ń ta bísíkíìtì, ọṣẹ àti káàdì ìpè. Òun kọ́ ló lọ wá POS. Màkẹ́tà báńkì kan ló wá bá a nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gba fọ́tò àti nọ́ńbà BVN rẹ̀, nígbà tó sì yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ fún un. Iṣẹ́ aṣojú báńkì bẹ́ẹ̀ ti ní òfin láti ọdún 2013, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ìyẹn CBN, gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Èrò tó wà nídìí ìlànà náà dára: kí ẹni tó ń gbé níbi tí báńkì kò dé lè rí ẹni tó máa bá a gba owó tàbí bá a san owó sínú àkáǹtì láì wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ní 2018, CBN àti àwọn báńkì dá ètò SANEF sílẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí aṣojú tó 500,000 káàkiri orílẹ̀-èdè. Màkẹ́tà tí wọ́n bá sì ní kó wá aṣojú wá, ibi tí èrò pọ̀ sí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dára ló máa kọ́kọ́ lọ. Ìgboro nìyẹn. Bí iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àrọko ṣe wá jókòó síwájú báńkì nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ san obìnrin náà dáadáa. ATM báńkì tó wà ní oríta kì í fi bẹ́ẹ̀ lówó nínú, pàápàá ní òpin oṣù, ìlà ibẹ̀ sì máa ń gùn. Ẹni tó fẹ́ gba ₦5,000 á kúkú san ₦100 fún un kó lè tètè máa lọ. Ẹ̀rọ yẹn ń wọlé fún un ju bísíkíìtì àti ọṣẹ lọ. Nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, tí àwọn báńkì ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọn, tí wọn ò sì jẹ́ kí èrò pọ̀ wọlé sí èyí tí wọ́n ṣí, oníbàárà tún pọ̀ sí i. Àwọn mẹ́rin mìíràn bẹ̀rẹ̀ láàárín 2020 sí 2022: oníkẹ́míìsì, ọkùnrin tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù, àti ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọn ò ríṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé gíga. Wọ́n jẹ́ márùn-ún nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Lójú tèmi, márùn-ún yẹn ni òpópónà náà lè bọ́.

Ọ̀wọ́n owó ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 2022, Gómìnà CBN ìgbà náà, Godwin Emefiele, kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n sì ní ti àtijọ́ kò ní í ṣeé ná mọ́ tó bá ti di ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ 2023. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé. Owó àtijọ́ ti wọ báńkì tán, tuntun kò sì jáde tó. Gbogbo wa la rántí oṣù náà. Àwọn èèyàn sun ẹnu ọ̀nà báńkì, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, oúnjẹ wà lọ́jà ṣùgbọ́n owó tí a fi ń rà á kò sí.

Oní-POS tó bá rí owó bébà nígbà náà, ohun tó bá wù ú ló ń gbà. Ẹni tó fẹ́ gba ₦5,000 ń san ₦1,000 lé e. Ní ibòmíràn, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà san án. Mi ò dá àwọn oní-POS láre lórí èyí, nítorí àwọn arúgbó àti aláìsàn wà lára àwọn tó san án, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ pé àwọn náà ń fi owó gọbọi ra owó bébà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà 2023 pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí di òpin ọdún náà, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà síta díẹ̀díẹ̀. Lóṣù Bélú, ilé-ẹjọ́ kan náà tún ní kí gbogbo owó náà ṣì máa ṣeé ná títí di ìgbà mìíràn.

Ibi tí ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Gbogbo àdúgbò ló rí ohun tí àwọn márùn-ún yẹn pa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ra ọ̀kadà. Oníkẹ́míìsì tún ojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe. Èrè ìgbà àjálù ni àwọn èèyàn wá fi wọn òwò náà, bíi pé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Owó ọkọ̀ gbéra, ọjà gbówó lórí, owó oṣù kò kún. Ẹni tó ní iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá èkejì. Kí ọdún náà tó parí, mẹ́fà tuntun ti dara pọ̀ mọ́ márùn-ún ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 2023 kò rí ẹni bá wọn ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gba ₦10,000 á san ₦200. Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ á yọ 0.5% ₦10,000 náà, ìyẹn ₦50, nínú ₦200 yẹn. Ohun tó kù fún oní-POS ni ₦150. Ká ní ọgọ́ta èèyàn ló ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní òpópónà náà lójúmọ́. Bí oní-POS bá jẹ́ ẹyọ kan, ₦9,000 ló máa pa. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ₦3,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mọ́kànlá, ó di nǹkan bíi ₦818. Ẹ tún yọ owó àyè tí wọ́n ń san fún onílé, owó dátà, àti owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ wá owó bébà. Àwọn mélòó kan nínú àwọn mẹ́fà tuntun kò tiẹ̀ jókòó síbẹ̀ fúnra wọn. Ọmọbìnrin ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń san ₦25,000 fún lóṣù, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26, ń gbà ju ₦960 lọ lójúmọ́. Owó iṣẹ́ ọmọ náà nìkan ti ju èrè lọ, kí ọ̀gá rẹ̀ tó mú kọ́bọ̀.

Oní-POS mọ́kànlá kò sì sọ ọgọ́ta èèyàn di ọgọ́fà. Kò sẹ́ni tó máa gba owó lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé agboòrùn pọ̀ sí i. Ẹni tó ń ta àkàrà lè fi adùn rẹ̀ mú kí èèyàn ra ju bó ṣe fẹ́ rà lọ, ṣùgbọ́n ₦5,000 ọ̀dọ̀ ẹni yìí àti ti ọ̀dọ̀ ẹnìkejì kò ní adùn tó yàtọ̀. Ohun méjì péré ni oní-POS lè fi fa oníbàárà: kó dín owó tó ń yọ kù, tàbí kí owó bébà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò sí lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Wọ́n dán dídín owó wò. Fún ìgbà díẹ̀ ní 2024, àwọn kan ń gba ₦50 lórí ₦5,000. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró, torí pé rírí owó bébà ti di iṣẹ́ lọ́tọ̀. Báńkì kì í fẹ́ fún wọn ní iye tí wọ́n fẹ́. Àwọn kan ń lọ sí ilé epo ní alẹ́ láti fi tráńsífà gba owó bébà tí ilé epo náà pa lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń san nǹkan lé e. Àwọn kan ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn alájàpá nínú ọjà. Àwọn mìíràn sì ń jí lọ sí ATM oríta ní ìdájí, pẹ̀lú káàdì oríṣiríṣi, wọ́n á gbá owó inú rẹ̀ tán kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde nílé.

Èyí ni mo rò pé ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Tí ìyá àgbà kan bá dé ATM ní agogo mẹ́sàn-án tí kò bá owó níbẹ̀, tó wá lọ sọ́dọ̀ oní-POS, owó ATM yẹn gan-an ló máa rà padà. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀, ojú sì ń tì wọ́n nígbà tí mo bá wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú èrè ₦818, wọn ò lè rà á ní ilé epo kí ó tún ku nǹkan.

Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ kò sí nínú ìjà yìí. Àádọ́ta náírà rẹ̀ ń wọlé, yálà ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ni oníbàárà lọ tàbí ọ̀dọ̀ ìkọkànlá. Kò fi owó tirẹ̀ jókòó sójú títì, olè kò lè ká a mọ́ ìdí agboòrùn, kì í sì í san owó àyè. Màkẹ́tà tí wọ́n ń fi iye ẹ̀rọ tó bá pín wọn iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ìdí kankan láti wo bóyá oní-POS mẹ́wàá ti wà níbẹ̀. Mo rí màkẹ́tà tó gbé ẹ̀rọ fún ẹnì kan ní iwájú ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ fún tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan kò bá sì ṣiṣẹ́ tó iye tí wọ́n ń retí, wọ́n á wá gbà á, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kúrò ní òpópónà. Aránṣọ kan tó wà ní ilé kẹta sí ibẹ̀ ni wọ́n gbé e fún.

Ẹni tó bá dàgbà tó á rántí pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, fóònù àti síìmù wọ́n, àwọn alágboòrùn tí èèyàn ń lọ pe fóònù lọ́dọ̀ wọn sì kún ìgboro, wọ́n ń gba ₦50 fún ìṣẹ́jú kan. Ilé-iṣẹ́ fóònù Glo dé ní oṣù Ògún 2003 pẹ̀lú ṣíṣírò ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, fóònù túbọ̀ ń rọ̀ lọ́jà, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra tirẹ̀. Àwọn alágboòrùn yà sídìí káàdì ìpè. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ìyẹn náà. Àìtó fóònù ló bọ́ wọn nígbà yẹn, bí àìtó owó bébà ṣe ń bọ́ oní-POS báyìí. Ọ̀wọ́n owó 2023 tó sọ POS di olówó gan-an ló kọ́ àwọn èèyàn láti máa ṣe tráńsífà. Alátàá tó wà ní ìdajì òpópónà wa, tí kò gba ohunkóhun bí kò ṣe owó bébà rí, ti lẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ mọ́ ara tábìlì. Ẹni tó bá ti lè fi tráńsífà ra ata kò nílò àtilọ gba ₦2,000 lọ́wọ́ oní-POS kó tó lọ ra á.

Ìjọba náà dá sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí bí wọ́n ṣe pọ̀ jù. Ní 2024, wọ́n ní kí gbogbo oní-POS forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ, lẹ́yìn náà wọ́n sún un sí ọjọ́ 5 oṣù Owéwè. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, CBN pàṣẹ pé oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lóòjọ́ lọ́wọ́ aṣojú, aṣojú kan kò sì gbọdọ̀ san ju ₦1,200,000 lọ. Ní òpópónà wa, kò sẹ́ni tí iye yẹn dí lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ìlànà tí CBN gbé jáde ní oṣù Ọ̀wàrà 2025 ló kàn wọ́n gan-an: láti ọjọ́ 1 oṣù Igbe 2026, aṣojú kan kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ju ilé-iṣẹ́ kan lọ. Ọ̀pọ̀ oní-POS ló ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta, kí ìkejì lè gbà á nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ bá dákú. Mo lóye ohun tí CBN ń wá, kí ó lè mọ ẹni tó máa dáhùn fún aṣojú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, oní-POS ló ń sọ oníbàárà nù.

Àwọn mọ́kànlá náà ńkọ́? Ẹnì kan gbé ₦80,000 fún ẹni tó fi álẹ́ẹ̀tì èké hàn án, owó náà kò sì wọlé títí di òní. Owó òwò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀, ó kó agboòrùn rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó gba ọmọ síṣẹ́ dá àwọn ọmọ náà dúró, wọ́n sì jáwọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó ra ọ̀kadà ń fi ọ̀kadà náà ṣiṣẹ́ báyìí. Obìnrin àkọ́kọ́, oníkẹ́míìsì àti oní-ṣájà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe POS ni wọ́n ń jẹ mọ́. Oníkẹ́míìsì sọ fún mi pé òun ò retí èrè nídìí rẹ̀ mọ́, pé ẹni tó bá wá gba owó lè tún ra oògùn orí fífọ́. Owó tí wọ́n bá sì pa lórí ọjà lóòjọ́ ni wọ́n ń san fún àwọn tó wá gba owó, nítorí náà wọn kì í ra owó bébà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n fi borí àwọn tó gbé agboòrùn nìkan dání. Ọkùnrin kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ báńkì ní oríta tún wà níbẹ̀, owó òwò rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ìkẹwàá ṣì ń gbé tábìlì jáde lójoojúmọ́. Ìyá ọmọ mẹ́ta ni, mi ò sì mọ bó ṣe ń ṣe é tó fi ń kájú owó àyè.

Ìkọkànlá ni ọ̀dọ́kùnrin kejì nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 2023. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, níbi tí kò sí báńkì kankan nítòsí. Àwọn tó ń ta ẹ̀gẹ́ àti èlùbọ́ níbẹ̀ máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá láti ìgboro nípasẹ̀ tráńsífà, wọ́n sì nílò owó bébà láti san fún alágbàro àti awakọ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ kó owó wọn sínú àkáǹtì kí wọ́n má bàa gbé e sùn nílé. Owó tí àwọn wọ̀nyí bá kó wá ni ọ̀dọ́kùnrin náà máa san fún ẹni tó fẹ́ gbà, nítorí náà kì í wá owó kiri. Ọjọ́ ọjà nìkan ni iṣẹ́ náà máa ń pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára, àti pé ẹ̀rù máa ń bà á lójú ọ̀nà bó bá ń gbé owó bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò tíì sí màkẹ́tà tó gbé ẹ̀rọ kejì dé ọjà yẹn. Ó ti sọ fún mi pé tí wọ́n bá dé, òun á ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbẹ̀ tí òun á ti máa ta ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò, ó sì ti ń bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àyè náà.